Oníbàárà Tí Kò Lè Lé Ọ

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé wọ́n ti fún ọ ní fáìlì mẹ́ta tí kò sí kọ́bọ̀ nínú wọn, mo sì gbọ́ pé inú rẹ kò dùn sí i. Àwọn tí ẹ jọ jáde ní Law School ń tẹ̀lé ọ̀gá lọ síbi ẹjọ́ báǹkì àti ẹjọ́ ilẹ̀ Bódìjà, ìwọ ni wọ́n ní kí o máa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi lọ bá ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ sọ̀rọ̀, kí o sì bá ìyá kan tó ń tọ́jú ọmọ òrukàn kọ̀wé sí CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. O rò pé wọ́n ń fi ọ́ ṣeré. Jókòó, kí n sọ ohun tó wà nídìí iṣẹ́ yìí fún ọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe é ní Ìbàdàn yìí.

Oníbàárà tó sanwó fún ọ lágbára lórí rẹ. Bí o kò bá gbé ìpè rẹ̀, á pe ọ̀gá rẹ. Bí o bá pẹ́ dé kóòtù, á fajú ro. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá sú u, á gba fáìlì rẹ̀, á gbé e lọ bá lọ́yà mìíràn, owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ á sì wọlé lọ síbòmíràn. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń jí púpọ̀ nínú wa ní ìdájí, ká má purọ́. Ẹni tí o ń ṣe tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ọ̀kankan nínú agbára wọ̀nyí. Kò lè lé ọ. Bí o bá gbàgbé ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ rẹ̀, yóò ní, "Ẹ ṣeun, lọ́yà, Ọlọ́run á túbọ̀ ràn yín lọ́wọ́," yóò sì padà sínú àhámọ́. Kò sí ẹni tí yóò bá ọ wí, àfi ìwọ fúnra rẹ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti le, kì í ṣe nínú òfin rẹ̀.

Ní ṣéńbà tí mo ti kọ́ṣẹ́, akọ̀wé máa ń fi bírò pupa kọ "F.O.C.", ìyẹn free of charge, sí ẹ̀yìn fáìlì ọ̀fẹ́. Kò ní èrò burúkú lọ́kàn. Ó kàn fẹ́ mọ àwọn tí òun kò ní fi ìwé owó ránṣẹ́ sí ni. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà mẹ́ta yẹn bá ti hàn báyìí, atẹ̀wé á ti fáìlì náà sí ìsàlẹ̀, ẹni tó ń kó ìwé lọ sí kóòtù á ní ó di ọ̀la, ọ̀gá pàápàá á máa bèèrè pé ṣé kò lè dúró dìgbà tí a bá parí ti báǹkì. Nígbà tí mo dá ṣéńbà tèmi sílẹ̀, mo ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ owó wà nínú ìwé ìṣirò, kò ní ohun tó ń wá lára fáìlì. Fún oníbàárà rẹ ní nọ́ńbà, kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ sínú dáyárì kan náà tí ti olówó wà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, kọ lẹ́tà sí i, kí ó mọ ohun tí o máa ṣe fún un àti ohun tí o kò ní ṣe: bóyá ọ̀rọ̀ béèlì nìkan ni o gbà, bóyá títí dé ìdájọ́ ni, ta ni yóò san owó ìwé ní kóòtù. Bí kò bá mọ̀wé, kà á fún un ní Yorùbá, kí ó tẹ̀ka sí i, kí o sì fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ìwé yẹn ni ẹnu tí o fún un láti fi bá ọ wí.

Ní Agodi, fóònù rẹ kò ní wọlé. Ọwọ́ wọ́dà ló máa wà. Wàá kọ orúkọ rẹ àti orúkọ ẹni tí o wá rí sínú ìwé ńlá kan, wàá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́dà á wọlé lọ pariwo orúkọ náà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, má tíì dìde. Ó lè jẹ́ pé orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀sùn kọ́ ni wọ́n ń pe ẹni náà. Mo ṣe ẹjọ́ ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, orúkọ baba rẹ̀ ni ọlọ́pàá kọ síbi orúkọ tirẹ̀. Bí wọ́n bá pe orúkọ yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ kóòtù, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè, ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n á gbéra láìsí i nínú rẹ̀, májísíréètì á sì sún ẹjọ́ síwájú nítorí pé olùjẹ́jọ́ kò yọjú. Jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, Gẹ̀ẹ́sì ọlọ́pàá ni. Ìka tirẹ̀ nìkan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀sùn ìdigunjalè ni wọ́n fi kan ọmọ yẹn. O mọ̀ pé májísíréètì kò lágbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kí ó ní kí wọ́n fi í sí àhámọ́ títí ìmọ̀ràn yóò fi dé láti ọ́fíìsì DPP, ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní Ilé Iṣẹ́ Ìdájọ́. Kí DPP tó lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí i. Láàárín ọ́fíìsì méjì yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ti ń sọnù. Ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gba tiransífà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, fáìlì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, ọmọ sì ti lò ju ọdún 2 lọ ní Agodi. Kò sí gírámà kankan tí mo sọ ní kóòtù tó yanjú rẹ̀. Ìrìn ló yanjú rẹ̀: láti Ìyágankú lọ sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá, láti ibẹ̀ lọ sí Sẹkitéríàtì, ká wá ẹni tó lè bu ọwọ́ lùwé, ká wá ibi tí wọn yóò ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nígbà tí iná kò sí, ká tún padà lọ bèèrè bóyá wọ́n ti kà á. Nígbà tí DPP ka fáìlì náà tán, ìmọ̀ràn tó kọ kò kún ojú ìwé kan. Kò sí ẹ̀rí tó so ọmọ náà mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó fi lọ sílé. Bí o bá rò pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kéré sí ẹni tó ti dé wíìgì, sọ fún mi ẹni tí ìwọ rò pé yóò rìn ín.

Ó pẹ́ tí àwọn tí wọn kò tíì dá lẹ́jọ́ ti pọ̀ ju ìdajì gbogbo àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lọ. Kì í ṣe pé òfin kò sọ̀rọ̀. Abala 35 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ 1 bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40; bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ 2, tàbí iye tí ilé ẹjọ́ bá rí pé ó bójú mu. Bí oṣù 2 bá pé tí ẹni tó wà ní àhámọ́ kò tíì jẹ́jọ́, ó yẹ kí wọ́n dá a sílẹ̀, yálà pẹ̀lú béèlì tàbí láìsí, àyàfi bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ èyí tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Àyàfi yẹn ni wọ́n fi mú ọmọ mẹkáníìkì. Nítorí náà, ka abala 35 títí dé ìsàlẹ̀, má ṣe dà bí àwọn lọ́yà tó ń dúró síbi tó bá dùn mọ́ wọn. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé béèlì kò ní owó nínú. Mo ti jókòó lábẹ́ ìwé yẹn rí, tí wọ́n ń ná béèlì lórí tábìlì bí ẹni ń ná ata ní Bódìjà.

Àwọn kan wà tí ilé ẹjọ́ ti fún ní béèlì tí wọn kò sì tíì rí ìta. Májísíréètì ní kí ó mú onídùúró 2 wá: ọ̀kan tó ní ilé tó níwèé ládùúgbò kóòtù, ọ̀kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti gòkè. Ta ni ọmọ alágbàṣe mọ̀ tó ní C of O? Ẹ̀yin lọ́yà á ti kí ara yín kú oríire, ẹ á ti kúrò ní kóòtù, ọmọ á tún padà wọ bílákì máríà. Má ṣe ka ọ̀rọ̀ béèlì sí ohun tó parí títí o fi máa rí ẹni náà lójú títì. Bí ohun tí wọ́n bèèrè bá ju agbára rẹ̀ lọ, padà lọ pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí ilé ẹjọ́ dín in kù. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ACJA ọdún 2015, ní ohun tí wọ́n ń bèèrè fún béèlì kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, ó sì kọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé obìnrin ni. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí akọ̀wé kóòtù tó ń lé ìyálọ́jà padà pé kó lọ pe ọkọ rẹ̀ wá, ìyálọ́jà tó jẹ́ pé òun ló kọ́ ilé tí ọkọ ń gbé. Ìjà kékeré ni irú ìyẹn. Jà á lójú ẹsẹ̀, kí o sì jà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìwọ nìkan kọ́ lo wà nídìí iṣẹ́ yìí o. Legal Aid Council ti wà láti ọdún 1976, òfin tó ń lò báyìí jẹ́ ti ọdún 2011. Èkó ní Office of the Public Defender tirẹ̀ láti ọdún 2000. Àwọn kọ́ọ̀pà tó jẹ́ lọ́yà máa ń bá Legal Aid lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn kan nínú wọn mọ Agodi ju èmi lọ. Mọ orúkọ wọn, kí o sì ní nọ́ńbà wọn. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba là sílẹ̀ ni Legal Aid wà fún ní pàtàkì, ₦70,000 sì ni owó náà láti ọdún 2024. Wá wo ẹni tó ń gba ₦85,000: tíṣà ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, aránṣọ tó ní ọmọ mẹ́ta, ọlọ́kadà tí ọ̀kadà rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n lówó ju ẹni tí ìjọba ń pè ní aláìní, owó wọn kò sì tó san fún lọ́yà kankan ní òpópónà Ring Road. Àwọn yẹn gan-an ni ṣéńbà aládàáni wúlò fún, àwọn ni kí ojú rẹ máa wá.

Ìyá ọmọ òrukàn ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ló ń sú ọ jù, torí pé kò sí kóòtù nínú rẹ̀, kò sí wíìgì. Ọmọ mi, iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú nílò lọ́dọ̀ lọ́yà kì í sábà dé kóòtù. Bí o bá ṣe é dáadáa, kò ní dé kóòtù láéláé. Bèèrè lọ́wọ́ ìyá náà ohun tí ó wà nínú àpò tó gbé wá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ fún ọ láìrí i: rìsíìtì ilẹ̀ kan tó ti fẹ́ gé sí méjì níbi tí wọ́n ká a, àwòrán sọ́fè, àti lẹ́tà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì tó fún un ní owó tó fi ra ilẹ̀ náà. Orúkọ tirẹ̀ ló máa wà lórí rìsíìtì. Kì í ṣe olè. Nígbà tó ra ilẹ̀, ilé ọmọ òrukàn náà kò tíì ní orúkọ lójú òfin, ta ni ìbá kọ ọ́ sí? Ṣùgbọ́n bó ṣe wà yìí, bí ó bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ti àwọn ọmọ tó bí ni ilẹ̀ àti ilé. Mo ti rí i tí ó ṣẹlẹ̀. Wọn kò tíì parí àjẹkù òkú tí àgádágodo fi wọ ẹnu géètì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òrukàn náà sì ń wo ìwé ìdánwò rẹ̀ láti ojú wíńdò níta.

Apá F òfin CAMA ti ọdún 2020, òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ló ni ọ̀nà àbáyọ. Wọn á yan àwọn alámòójútó, wọn á kọ ìwé òfin ẹgbẹ́, wọn á gbé ìpolówó jáde nínú ìwé ìròyìn 2 kí ẹni tó bá ní àtakò lè kọ̀wé láàárín ọjọ́ 28. Bí CAC bá ti gbà, ẹgbẹ́ náà di ẹni tó lè ní ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, tí ikú ẹnì kan kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni wàá kọ ìwé tí yóò yí ilẹ̀ kúrò lórúkọ ìyá sí ti ẹgbẹ́. Má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, nítorí ọdọọdún ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi ìwé ìṣirò wọn ránṣẹ́ sí CAC, báǹkì náà á sì bèèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ra fún owó àìtọ́, kó tó jẹ́ kí owó olóore láti òkè òkun wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló forúkọ sílẹ̀ tìlù tìfọn, tí wọ́n sì gbàgbé ìyókù.

Ọjọ́ tí o máa sọ fún ìyá náà pé ilẹ̀ kò ní jẹ́ tirẹ̀ mọ́ ni ọjọ́ tó le jù. Ojú rẹ̀ á yí padà. Ó ta góòlù rẹ̀ láti fi mọ fẹ́ǹsì ibẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún tó ti ń sùn síbẹ̀, ìwọ ọmọ àná wá ń sọ fún un pé ẹgbẹ́ àti àwọn alámòójútó rẹ̀ ló máa ni ín. Má ṣe sáré fún un ní bírò. Ní kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó lọ bá pásítọ̀ rẹ̀, kó ronú. Sọ fún un pé òun náà lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alámòójútó, pé wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ pé yàrá rẹ̀ níbẹ̀ wà fún un títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ó bá sì ní òun kò ṣe, ilẹ̀ rẹ̀ ni lójú òfin. Kọ ìmọ̀ràn tí o fún un sílẹ̀, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i. Àìsanwó rẹ̀ kò sọ ọ́ di ọmọdé.

Ẹjọ́ ará ilé àti ti onílé òun ayálégbé, gbìyànjú ìlàjà kó tó di ẹjọ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Èkó ti ní Citizens' Mediation Centre láti ọdún 1999 fún irú rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n má ṣe làjà láàárín ẹni tó ń lu ìyàwó rẹ̀ àti ìyàwó náà kí o wá pe ìyẹn ní àlàáfíà.

O máa bi mí pé báwo ni ṣéńbà ṣe máa jẹun. Ìbéèrè gidi ni, mo sì kórìíra àwọn àgbà tó ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dáhùn rẹ̀. Wo Gani Fawèhìnmi, ọmọ Oǹdó. Ní ọdún 1969, tí kò tíì ju bí ọdún mẹ́rin lọ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́yà, ó gba ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Benue-Plateau ìgbà náà, tó ní òṣìṣẹ́ ìjọba ńlá kan gba ìyàwó òun. Ìjọba ológun tì í mọ́lé fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí rẹ̀. Ìtàn yẹn ni gbogbo yín mọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ fi í joyè Senior Advocate of the Masses ní 1988, ìjọba kò sì fún un ní SAN, Senior Advocate of Nigeria gan-an, títí di 2001. Èyí tí ẹ kì í sọ ni pé ní 1985, Gani bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Nigerian Weekly Law Reports jáde, ìwé ìdájọ́ tí adájọ́ àti lọ́yà jákèjádò ilẹ̀ yìí ń rà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí kan àwọn tó kórìíra rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òwò. Ẹni tí ń jà fún tálákà tó ń ná owó ìwé lórí ẹjọ́ wọn kò ní láti máa tọrọ lọ́wọ́ olóṣèlú. Nítorí náà, má kẹ́gàn ẹjọ́ báǹkì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń ṣe. Òun ló san owó epo tí o fi lọ sí Agodi. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé kó ya owó sọ́tọ̀ lọ́dún fún àwọn fáìlì yìí, owó ìwé, owó ẹ̀dà, owó ọkọ̀ ẹlẹ́rìí. Bí kò bá yà á sọ́tọ̀, àpò rẹ ni yóò ti máa jáde, o kò sì ní pẹ́ sá.

Gba ìwọ̀n tí o lè gbé. Ẹni tí o kò lè ṣe tirẹ̀, sọ fún un ní ọjọ́ tó wá, kó lè tètè lọ sí Legal Aid. Èmi kò rí ìwà ìkà tó ju kí o gba fáìlì ènìyàn, kí o gbé e sórí pẹpẹ fún oṣù mẹ́jọ, kí o wá ní iṣẹ́ pọ̀ jù.

Nípa fọ́tò: mo ti rí ṣéńbà kan tó to ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n sáàárín lọ́yà mẹ́fà tó wọ kóòtù, wọ́n gbé e sórí Facebook. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní bàtà. Ọmọ rẹ̀ máa dàgbà, á rí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ẹ ń ṣe é, ẹ kọ irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe, ẹ má kọ ẹni tí ẹ ṣe é fún. Má sì retí ọpẹ́ púpọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tó ti Agodi bọ̀ kò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni tó rán an létí Agodi, ojú tìrẹ náà sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ mẹkáníìkì yẹn kò padà wá kí mi. Mo gbọ́ pé ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìwó Road.

Bí ẹjọ́ bá parí, yálà ẹ borí tàbí ẹ kò borí, dá gbogbo ojúlówó ìwé oníbàárà padà fún un, kó fọwọ́ sí i pé òun ti gbà á. Bí ilé ẹjọ́ gíga bá dá a lẹ́bi, ọjọ́ 90 ló ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ ìdájọ́ ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, oṣù 3. Olówó á pè ọ́ lọ́jọ́ kejì láti bèèrè ìyẹn. Tálákà kò ní mọ̀ pé nǹkan wà láti bèèrè. Ṣírò ọjọ́ náà fún un, kọ ọ́ sí òkè lẹ́tà rẹ ní nọ́ńbà ńlá, kà á fún un títí yóò fi lè kà á padà fún ọ. Bí o kò bá ní lè bá a dé Court of Appeal, kọ àdírẹ́sì Legal Aid sí abẹ́ rẹ̀, kí o sì tẹ̀ wọ́n láago fúnra rẹ kó tó kúrò ní ọ́fíìsì.